Katakata Kì í Ṣe Mọ́tò: Bí A Ó Ṣe Mọ Gbígbọ̀n Ìlera Yàtọ̀ sí Gbígbọ̀n Àìsàn

Ọ̀rọ̀ tí a bá ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àlejò sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá, ní Ṣágámù

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹgbẹ́ tó bá pé ọdún mẹ́wàá láìtú, ó yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ akápò tí kì í jẹ́ kí ẹni tó jẹ gbèsè owó oṣù sùn.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹgbẹ́ ti pinnu láti fi owó àjọ ra katakata kékeré kan fún àwọn tó ń dáko nínú wa. A tún mọ̀ pé nígbà tí àwọn aṣojú wa lọ wò ó, tí wọ́n tan án, ìròyìn méjì ni wọ́n mú bọ̀. Àwọn kan ní ó ń gbọ̀n jìgìjìgì, pé ohun tó ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ tuntun, tòkunbọ̀ tí wọ́n kùn lọ́dà ni. Àwọn yòókù ní gbogbo katakata ló ń gbọ̀n, kí a sanwó kí a máa gbé e lọ. Nítorí pé iṣẹ́ ẹ̀rọ oko ni mo ń ṣe jẹun, Alága ní kí n wá là á yé wa. Mi ò wá gbèjà ẹni tó ń tà á, mi ò sì wá bẹnu àtẹ́ lù ú. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí a tó kúrò níbí, kí olúkúlùkù wa mọ ohun tí yóò wò, tí yóò gbọ́, tí yóò sì fi ọwọ́ kàn, kó tó dájọ́.

Ohun tó wà nínú ewu

Ẹ̀rọ nínú oko kì í ṣe ohun àjèjì ní Rẹ́mọ. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àwọn àgọ́ àgbẹ̀ sílẹ̀, láti ọdún 1959 wọ inú àwọn ọdún 1960, Ìkẹ́nnẹ́ wà lára ibi tí wọ́n dá a sí. Títí dòní, oko ìwádìí IITA wà ní Ìkẹ́nnẹ́ yìí kan náà, tí wọ́n ti ń dán irúgbìn àgbàdo wò. Ṣùgbọ́n katakata ìjọba, ìjọba ló ni ín. Bó bá bàjẹ́, ìjọba ni yóò tún un ṣe tàbí kó pa á tì sínú igbó. Èyí tí a fẹ́ rà yìí, tiwa ni. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú, kò sí ọ́fíìsì tí a ó kọ̀wé sí.

Irú rẹ̀ náà ló bá ilẹ̀ wa mu. Oko wa kì í sábà tẹ́ lọ súà. Obì, kòkó, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló wà nítòsí ara wọn. Katakata tí agbára rẹ̀ wà láàárín ẹṣin 25 sí 50 lè rá pálá wọ ibi tí ńlá kò lè wọ̀. Ṣùgbọ́n òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí àkọ́rọ̀ bá ti bọ́ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ọjọ́ tí a ní láti fi túlẹ̀ kò pọ̀. Katakata tó bá wà nílé mẹkáníìkì nígbà náà, àgbàdo ọdún yẹn ti lọ nìyẹn, ó di àrọ̀kúrò.

Ọ̀nà méjì la lè gbà pàdánù. Ọ̀kan ni pé kí ẹ̀rù gbígbọ̀n bà wá, kí a kọ katakata tó dára, tàbí kí a ní kí mẹkáníìkì àdúgbò tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò, kí wáráńtì sì parẹ́ lọ́jọ́ náà. Èkejì ni pé kí a máa sọ pé “bó ṣe ń ṣe nìyẹn” títí ẹ́ńjìnnì yóò fi kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Kí ló ń gbọ̀n ọ́n?

Dísẹ́ẹ̀lì ni katakata ń mu. Ẹ́ńjìnnì tí Rudolf Diesel, ará Jámánì, fi han aráyé ní ọdún 1897 kò ní páàgì tó ń ta iná. Afẹ́fẹ́ ni písítìnnì ń fún pọ̀ nínú sílíńdà títí yóò fi gbóná gidigidi. Bí nọ́sù bá wá fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sí i, yóò gbiná fúnra rẹ̀, gbàù! Ìbúgbàù yìí le ju ti mọ́tò tó ń mu bẹntiróòlù lọ. Ìró “kọ̀-kọ̀-kọ̀” tí ẹ ń gbọ́, ohùn dísẹ́ẹ̀lì ni.

Sílíńdà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ katakata kékeré ní. Ẹ̀yin ìyá wa yóò tètè mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí ẹni mẹ́ta bá ń gún iyán nínú odó kan, ọmọ odó ẹni àkọ́kọ́ á balẹ̀, ti èkejì á tẹ̀ lé e, ti ẹ̀kẹta á tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ń rọra gún un, ẹni tó jókòó nítòsí á mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lára. Bí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́ta bá wà lórí síló, tó ń yí ìgbà 850 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 1,275 ni iná ń bú nínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú yẹn. Ó fi díẹ̀ lé ní ìgbà 21 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ara ń gbọ́ ọ. Bí a bá gbé e dé 2,400, yóò di ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìró náà á sì pọ̀ mọ́ra di ohùn kan. Ìdí nìyẹn tí katakata tuntun tí ara rẹ̀ le fi máa ń gbọ̀n lórí síló ju ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ohun kejì ló máa ń ya ọlọ́kọ̀ lẹ́nu jù. Nínú mọ́tò, orí rọ́bà ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì lé, kí gbígbọ̀n rẹ̀ má baà dé ara èrò. Nínú ọ̀pọ̀ katakata, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni egungun ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Bọ́ọ̀tù ni wọ́n fi dè é mọ́ àpótí jíà ní tààràtà, irin mọ́ irin, láìsí rọ́bà láàárín. Ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ nínú sílíńdà, àtẹ́lẹsẹ̀ awakọ̀ á gbọ́ ọ, ọwọ́ tó di sítíárì mú á gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fi Corolla díwọ̀n katakata, yóò dá a lẹ́bi láìṣẹ̀.

Ẹ béèrè pé: nígbà wo ló ń gbọ̀n?

Ìbéèrè tó lè fún wa ní èsì kì í ṣe “ṣé ó ń gbọ̀n?” Ó ń gbọ̀n, ó ti tán. Ìbéèrè náà ni: nígbà wo? Ìpele mẹ́rin la ó fi wá a.

Ìpele kìíní, kí ó dúró lójú kan, kí a yọ jíà, kí a má ṣe so ohunkóhun mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ yá fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra máa gbé e sókè láti orí síló: 1,200, 1,500, 2,000. Ní ibì kan láàárín rẹ̀, dígí tàbí bónẹ́ẹ̀tì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀ díẹ̀, á dákẹ́. Ìlera nìyẹn. Gbogbo irin ló ní ohùn tirẹ̀, bí ìlù, tó jẹ́ pé bí ẹnìkan bá kọ ọ́ ní tòsí, awọ ìlù náà á jẹ́. Irú ibẹ̀ ni kí a má ṣe fi síbi iṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, kí a sì fún nọ́ọ̀tì ohun tó ń gbọ̀n náà. Ṣùgbọ́n bí gbígbọ̀n bá ń le sí i bí a ṣe ń gbé e sókè, tí kò dẹwọ́ rárá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìpele kejì, ẹ tẹ kíláàṣì, kí ẹ tún fi í sílẹ̀. Bí ohùn tàbí gbígbọ̀n bá yí padà gan-an, ọ̀dọ̀ kíláàṣì ni kí mẹkáníìkì ilé iṣẹ́ tó tà á lọ wò, kì í ṣe inú sílíńdà.

Ìpele kẹta, ẹ wà á láìsí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń yí ni gbígbọ̀n ṣe ń lọ, tí kì í ṣe bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, ẹ wo táyà àti nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀. Táyà katakata ní eyín ńláńlá fún ilẹ̀ oko. Bí ẹ bá wà á lórí ọ̀dà láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ìlíṣàn, eyín yẹn á máa lu títì ní gbogbo ọ̀nà. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ó sì wọ́pọ̀ kí wọ́n fẹ́ táyà tuntun le nítorí ìrìn ojú omi, kí ẹnikẹ́ni má sì rántí láti dín atẹ́gùn rẹ̀ kù sí iye tí ìwé rẹ̀ sọ. Irú táyà bẹ́ẹ̀ á máa ta awakọ̀ sókè bíi bọ́ọ̀lù.

Ìpele kẹrin, ẹ so ẹ̀rọ iṣẹ́ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ̀rọ ìgékoríko bá ń yí nìkan ni gbogbo ara katakata ń gbọ̀n, ẹ má fẹjọ́ ẹ́ńjìnnì sùn. Bóyá abẹ kan ti jábọ́ tí èkejì rẹ̀ wà níbẹ̀, bóyá oríkèé ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn kò dọ́gba, tàbí a gbé ẹ̀rọ náà sókè jù tí ọ̀pá fi tẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ọ̀pá tí awakọ̀ ń pè ní PTO yìí máa ń yí ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹni tó wọ agbádá tó pariwo “yéè”, ó ti wé e mọ́ra ní ìgbà mẹ́sàn-án. Ẹni tó wọ agbádá, bùbá gbàgẹ̀rẹ̀ tàbí ìró kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn. Bí a bá fẹ́ wo nǹkan níbẹ̀, kí a kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì.

Ohun tí kì í ṣe ìlera

Èéfín funfun díẹ̀ ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tó parẹ́ bí ara bá yá, kò burú. Òórùn ọ̀dà tó ń jó lára páìpù èéfín láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ kò burú. Èéfín dúdú ráńpẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wúwo kò burú.

Ṣùgbọ́n ẹ pa á lójú ẹsẹ̀ bí iná ọ́ìlì bá tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, bí abẹ́rẹ́ ooru bá wọ ibi pupa, tàbí bí ẹ bá gbọ́ ìró irin tó ń lu irin, tó ń le sí i bí iṣẹ́ ṣe ń wúwo. Ẹ pe ẹni tó tà á bí èéfín aláwọ̀ búlúù kò bá lọ, tàbí bí èéfín funfun kò bá lọ tí ẹ́ńjìnnì sì ń tàsé. Ìtàsé yẹn, ẹ padà sídìí odó iyán wa: bí ọmọ odó kan kò bá balẹ̀, gbogbo agbo ló máa mọ̀, nítorí ìró náà á máa ní àlàfo kan náà léraléra. Sílíńdà kan ni kò ṣiṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, dísẹ́ẹ̀lì ló fà á: omi wà nínú jálá, tàbí afẹ́fẹ́ wọ páìpù. Kí a kọ́kọ́ tú omi inú fílítà dà nù kí a tó ní kí ẹnikẹ́ni mú sípánà. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi ọwọ́ wá ibi tí dísẹ́ẹ̀lì ti ń jò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Agbára tó fi ń jáde lè gún awọ ara.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìyípadà. Katakata tó ń gbọ̀n bákan náà lánàá, lónìí, lọ́la, ìwà rẹ̀ ni. Èyí tó yàtọ̀ lójijì, àní bí kò tilẹ̀ le púpọ̀, ló yẹ kó kó ìpayà bá wa.

Wákàtí 50 àkọ́kọ́

Ẹ́ńjìnnì tuntun kò tí ì mọ́ra. Lára ògiri sílíńdà, wọ́n fa ìlà wẹ́wẹ́ tó dábùú ara wọn. Ríǹgì tó yí písítìnnì ká á máa fi ara ha ìlà yìí títí àwọn méjèèjì yóò fi bá ara wọn mu, bí ọlọ tuntun àti ọmọ rẹ̀. Agbára iná inú sílíńdà ló ń ti ríǹgì mọ́ ògiri. Bí a bá kàn tan katakata tuntun sílẹ̀ lórí síló láti àárọ̀ dalẹ́, tí a ní à ń kẹ́ ẹ, agbára yẹn kò ní tó. Ọ́ìlì á jóná mọ́ ògiri, ògiri á máa dán bíi gíláàsì, ríǹgì kò ní jókòó dáadáa, katakata náà á sì di ọ̀mùtí ọ́ìlì. Bí a bá sì gbé e wọ ilẹ̀ tí kùkùté obì kún inú rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, tí a tẹ̀ ẹ́ dé òpin, ooru á ba ohun tí kò tí ì mọ́ra jẹ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ̀sọ̀ tí mo ń wí kì í ṣe ìmẹ́lẹ́ o. Iṣẹ́ ni ká fún un, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Bí a bá ń lò ó wákàtí márùn-ún lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́wàá péré ni wákàtí 50. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yìí, kí ó máa gé koríko, kí ó máa fa tírélà, kí ó fọ́ ilẹ̀ tí a ti tú tẹ́lẹ̀. Kí eré ẹ́ńjìnnì má dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́. Kí a máa gbé e sókè, kí a máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ní àràárọ̀, kí a wo ọ́ìlì, omi rédíétọ̀ àti ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, kí a tún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ fún, lẹ́yìn náà lójoojúmọ́, nítorí irin tuntun máa ń rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé katakata ní kí a pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà ní wákàtí 50. Bí ti èyí tí a rà bá sọ iye mìíràn, tirẹ̀ ni kí a tẹ̀ lé. Àwọn kan máa ń gbé ọ́ìlì ìmọ́ra pàtàkì wá láti ilé iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má tú u dà nù ṣáájú àkókò pé òun fẹ́ rọ ọ́ìlì olówó ńlá sí i. Kí a sì ṣe ìjókòó rẹ̀ bá ìwọ̀n awakọ̀ mu, nítorí gbígbọ̀n ìlera náà lè di ẹ̀yìn ríro fún ẹni tó bá jókòó lé e lọ́jọ́ gbogbo.

Ìfura kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀

Ẹ̀yin tó fura, ẹ kò ṣẹ̀. Àgbẹ̀ kan tó jẹ́ aṣòfin ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, Wilmot Crozier, ra katakata tí kò ṣe ohun tí ẹni tó tà á ṣèlérí. Kò kàn bú u kó lọ sílé. Ní ọdún 1919 wọ́n ṣòfin níbẹ̀ pé yunifásítì gbọ́dọ̀ dán katakata wò kí wọ́n tó lè máa tà á fún àgbẹ̀. Ìdánwò náà bẹ̀rẹ̀ ní 1920. Kí wọ́n tó wọ̀n agbára rẹ̀, wọ́n máa ń kọ́kọ́ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ara rẹ̀ rọ̀. Nílẹ̀ wa níbí, àjọ NCAM ní Ìdọ̀fíàn, lẹ́bàá Ìlọrin, ni ìjọba gbé ìdánwò ẹ̀rọ oko lé lọ́wọ́. Ìdánwò ló ń parí àríyànjiyàn; ariwo kì í parí rẹ̀.

Nítorí náà, mo dábàá ohun mẹ́rin fún ẹgbẹ́. Àkọ́kọ́, kí a tó san owó tó kù, kí a ṣe ìpele mẹ́rin tí mo kà yìí lójú àwọn tó fura àti àwọn tó fọkàn tán an, kí ẹni tó ń tà á náà wà níbẹ̀. Bó bá yege, kí a gbà á. Bí kò bá yege, kí a fi í sílẹ̀ fún un. Èkejì, kí ó jẹ́ awakọ̀ kan ṣoṣo ni yóò fọwọ́ kàn án títí wákàtí 50 yóò fi pé, kì í ṣe ọmọ àbúrò alága tàbí ọmọ ìyàwó akápò. Ẹ̀kẹta, kí a ní ìwé kan: ọjọ́, wákàtí iṣẹ́, ọ́ìlì, omi, dísẹ́ẹ̀lì, àti ohun tí awakọ̀ gbọ́. Ẹ̀kẹrin, kí a fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní wákàtí kìíní, ìkẹwàá, ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àti àádọ́ta, láti ibì kan náà, lórí eré kan náà. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá ní “ohùn rẹ̀ ti yí padà”, a ó fi tòní wé tàná, ọ̀rọ̀ á sì tán láìsí ìjà. Bí ọ̀rọ̀ wáráńtì bá sì dìde, ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń dá lóhùn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí kò mọ bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń dún nígbà ìlera kò lè mọ̀ nígbà tó bá ń ṣàìsàn. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ dá la fi ń kọ́ ọ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ohun tí a fi owó àjọ rà ṣe wá láǹfààní. Àkọ́rọ̀ yóò bá wa lóko, kò ní bá wa nílé mẹkáníìkì. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú, a ó tún ṣe ogún ọdún lójú ara wa. Rẹ́mọ á máa gbòòrò sí i.